Báwo ni mo ṣe lè kọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín nípa ọmọ etí omi fún àwọn ọ̀dọ́, tí kò ní di ìwàásù?

Ọmọ Ọ̀sà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 18. Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n bí mi sí tí mo sì dàgbà sí, ni ìtàn náà ti wáyé, ẹni tí ó sì ń sọ ọ́ ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan tí mo pè ní Sewanu. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba owó kékeré lọ́wọ́ àwọn àlejò tí wọ́n bá wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí etí ọ̀sà ní 1845, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn ìlú náà tó òun. Mo fẹ́ kí ìwé náà pani lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro mi sì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ sí etígbọ̀ọ́ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 14. Orí kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn tí ń yọ láti inú òkun, ìgbì tí ń ya lu èbúté, àti imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn tí ń jó nínú afẹ́fẹ́. N kò tíì ka ojú ewé kan tán tí ó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìròyìn ojú ọjọ́ ni?" Gbogbo ibi tí mo ti forí ṣe tí mo fọrùn ṣe kí ó lè rẹ́rìn-ín, ṣe ni ó ń wò mí bí ẹni tí ń dúró de mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó rẹ́rìn-ín, ibi tí n kò sì fi ẹ̀fẹ̀ sí rárá ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn, bàbá Sewanu a ṣí fìlà, a kí ẹ́ńjìnnì náà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àgbà," kí ó tó tún fa okùn rẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá wa gan-an ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rò ó rí pé ó jẹ́ ohun ẹ̀rín.

Kí ni mo ṣe níbẹ̀ tí ó tọ́, tí n kò ṣe níbi yòókù? Ìbéèrè mi kejì ṣòro díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: báwo ni ènìyàn ṣe lè máa pa ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín nípa ìlú tí wọ́n ti kó ẹrú gba ibẹ̀ kọjá, láì rí àwọn tí ìyà náà jẹ fín?

Ìyá Olùkọ́

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 22 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Yorùbá, àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àbúrò rẹ ni mo sì máa ń ka ìwé fún ní ìgbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀, nítorí náà mo mọ ojú tí ẹni tí ń dúró de mọ́tò máa ń ṣe.

Ohun tí o ṣe tí ó tọ́ ni pé bàbá náà kò mọ̀ pé òun ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ń bẹ ẹ́ńjìnnì tọkàntọkàn, nítorí pé bí kò bá dáhùn, kò ní sí ẹja, bí kò bá sì sí ẹja, kò ní sí owó ilé-ìwé. Ìwọ pàápàá kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí o kò fi dúró láti máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún òǹkàwé ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Aago ràgàjì ni ó máa ń gbé kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ iye tí aago lù, ó máa ń wò ó bí akọ̀wé báǹkì ṣe ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí aago náà, gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà ìbá ti bàjẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ní àwọn ibi yòókù, Sewanu ń sọ fún wa pé "ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí" tàbí pé "ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mọ́ gbogbo wa." Wá gbogbo gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí, kí o sì pa á rẹ́. Ọmọ ọlọ́dún 15 kì í rí ara rẹ̀ bí aláwàdà; lójú ara rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ni, gbogbo ayé ni kò gbọ́n.

Ní ti oòrùn orí kìn-ín-ní, àbúrò rẹ ti dá ẹjọ́ náà, mo kàn fẹ́ fi kún un pé irọ́ ni oòrùn ọ̀hún. Gúúsù ni òkun wà sí ìlú yín, mi ò sì tíì gbọ́ pé oòrùn ń yọ ní gúúsù. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá dúró sí etí omi ní Àgbádárìgì, ọ̀sà ni ó ń wò, àti àwọn igi àgbọn erékùṣù Gberefu ní òdì kejì. Àfi kí ó wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà náà, kí ó sì fẹsẹ̀ rin nínú iyanrìn, kí ó tó fojú kan òkun. Ìwọ tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n o gbé èyí tí o mọ̀ jù sílẹ̀, o wá lọ mú èyí tí ó wà nínú àwòrán kàlẹ́ńdà. Nínú àṣìṣe yìí gan-an ni ẹ̀rín wà. Jẹ́ kí ìbátan Sewanu kan wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun, kí ó máa rò pé ẹnu ọ̀nà ni òkun wà, kí ó sì máa bẹ Sewanu pé kí ó kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá hàn pé Sewanu, ọmọ apẹja, ọmọ etí omi láti ìran baba ńlá rẹ̀, kò lè lúwẹ̀ẹ́ rárá, tí ó sì ti ń fi ọgbọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méje.

Má sì kọ ẹ̀kọ́ kankan sí ìparí ìwé náà. Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì mọ ibi tí ẹ̀kọ́ máa ń wà nínú ìwé ìtàn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí lọ́jọ́ ìdánwò, wọn kì í ka ìyókù.

Ará Ìlàjẹ

Mo gba ohun tí Ìyá Olùkọ́ sọ nípa bàbá yẹn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwà ènìyàn nìkan ni ẹ̀rín ti ń wá nínú irú ìtàn báyìí. Omi náà ní ìwà tirẹ̀, ẹni tí ó bá kọ ìtàn etí omi tí omi kò bá ṣe ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ó kúkú gbé ìtàn rẹ̀ lọ sí Òkè-Ògùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní abúlé tí mo dàgbà sí ní Ìlàjẹ, orí òpó ni àwọn ilé dúró sí lójú omi, afárá pákó ni a sì ń rìn láti ojúlé kan sí èkejì. Ohun gbogbo ni ó ń tutù níbẹ̀, nítorí náà ohun gbogbo ni a ń dì sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16, mo kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọmọbìnrin kan ní òdì kejì afárá. Mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo so ẹnu rẹ̀ le dáadáa, mo tilẹ̀ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀ kí bébà má bàa rún. Bí mo ṣe ń kọjá lórí afárá ni lẹ́tà náà já bọ́ gba àlàfo pákó. Ká ní n kò dì í ni, ìbá ti rì, ìbá sì ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó léfòó. Ó rọra gba abẹ́ ilé mẹ́ta kọjá, ó sì lọ há sínú àwọ̀n bàbá ọmọbìnrin náà. Bàbá náà kò mọ̀wé, ó sì rò pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dànù lójú agbami ni ó fi ránṣẹ́ láti wá ìrànlọ́wọ́, ni ó bá pe àwọn aládùúgbò jọ, ó sì ní kí akọ̀wé ìjọ wa kà á sókè. Akọ̀wé náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ka orúkọ mi, ó sì ní kí a gbàdúrà.

Ẹ wò ó pé kò sí òmùgọ̀ kankan nínú ìtàn yìí. Olúkúlùkù ni ó ṣe ohun tí ó bọ́gbọ́n mu, omi ni ó da gbogbo rẹ̀ rú. Bí o bá lè rí mẹ́rin tàbí márùn-ún irú èyí nínú ìgbà èwe rẹ, o ti ní ìwé.

Lórí ìbéèrè rẹ kejì, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlú Àyétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa, nítorí pé ìbànújẹ́ etí òkun tí èmi mọ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹ èrè rẹ̀, òkìkí wọn sì kàn dé ìlú òkèèrè. Lónìí, òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé wọn lọ. Mo bá ìyá àgbà kan lálejò níbẹ̀, ìyá náà jókòó síta, ó na ọwọ́ sí ojú òkun, ó ní, "Yàrá mi nìyẹn, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn. Ẹ má bínú pé n kò tíì gbá a." Òun ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwa náà tó rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu wa nígbà tí a wo ibi tí ó nawọ́ sí. Òfin tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni àdánù ni ó ni ẹ̀rín àkọ́kọ́. Bí àlejò ni ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ti di ìwọ̀sí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má ṣe sọ ẹ̀ka èdè ẹnikẹ́ni di ẹ̀fẹ̀. Bí Sewanu bá ń sọ Ògù, èdè àwọn Ẹ̀gùn, nílé tí ó sì ń sọ Yorùbá lọ́jà, jẹ́ kí ó sọ méjèèjì bí ẹni tí ó ní owó nínú àpò méjì. Ó ti sú wa láti máa rí Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn nínú eré tí ó jẹ́ pé ohùn ẹnu wọn nìkan ni wọ́n gbé wá fún ẹ̀rín.

Ọmọ Ọ̀sà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti yọ oòrùn náà kúrò. Ìyá Olùkọ́, ẹ jàre, gbólóhùn "ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí" wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n gbé orí kan síwájú yín. Sewanu mú àwọn àlejò lọ sí ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀, igi tí wọ́n ti wàásù ìyìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Ó sọ fún wọn pé òun já bọ́ láti orí igi náà nígbà tí òun wà ní kékeré, ó sì fi àpá hàn wọ́n ní orókún. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ olùkọ́ ìtàn tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyá náà sì mọ̀ pé igi yẹn ti wó láti 1959. Ó wo Sewanu láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, a jẹ́ pé o ti lé ní ọgọ́ta ọdún." Sewanu kò sẹ́jú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọn kì í tètè darúgbó nínú ìdílé wa."

Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Èyí tí ń kọ mí lóminú ni orí tí ó tẹ̀ lé e. Ní Gberefu, ìtàn ìlú sọ pé kànga kan wà tí wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo kọ ọ́ pé Sewanu gbé ike omi dání lọ síbẹ̀, ó fẹ́ bu díẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ kí ó lè gbàgbé èsì ìdánwò òun. Àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń dá irú àpárá báyìí. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni, àbí kí n yọ ọ́?

Afinimọ̀nà

Mo ti mú àlejò kọjá sí Gberefu fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àpárá igi Àgíà dára, mo sì mọ̀ ju ẹyọ Sewanu kan lọ. Irọ́ ọmọ náà ni a ń fi rẹ́rìn-ín, a kò fi igi rẹ́rìn-ín, a kò sì fi ìwàásù náà rẹ́rìn-ín.

Ní ti kànga, yọ ọ́. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń pariwo láti inú ọkọ̀ máa ń dákẹ́ fúnra wọn bí a bá ti rin ojú ọ̀nà oníyanrìn yẹn dé ibi kànga náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ọmọ kan máa ń wà tí yóò bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbàgbé lóòótọ́?" N kì í mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.

Ìyá Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n Afinimọ̀nà, ẹ dárí jì mí, n kò fara mọ́ yíyọ náà. Bí Sewanu kò bá dá àpárá yẹn, àwọn tí ń ka ìwé ni yóò dá a lọ́kàn ara wọn. Jẹ́ kí ó gbé ike náà dání, kí ó ti ro àpárá rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, kí ó tilẹ̀ ti fi dán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò tí ọ̀rẹ́ náà sì rẹ́rìn-ín. Kí ó wá dé ibẹ̀, kí ọmọ kékeré kan láàárín àwọn àlejò béèrè ìbéèrè tí ẹ sọ yẹn, kí Sewanu ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ má sì rí èsì fún un. Kí ó gbé ike òfìfo padà sínú ọkọ̀. Má ṣàlàyé ohunkóhun níbẹ̀ rárá. Lójú ọ̀sà, kí ẹ́ńjìnnì kọ̀, kí gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kí bàbá rẹ̀ sì ṣí fìlà. Ẹ ó rí i pé ẹ̀rín tí yóò jáde níbẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àbúrò rẹ rín.

Afinimọ̀nà

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ike òfìfo ni o.

Ọmọ SS2 Kan

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ ń kọ ìwé náà fún ni mí, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, ẹ kò tíì mẹ́nu kan ìtìjú. Ìyá mi ń yan ẹja. Bí mo ṣe lè fọ aṣọ ilé-ìwé mi tó, tí mo sì lè sá a jìnnà sí ààrò tó, ṣáwá yíyan ni ó máa ń rùn. Ológbò mẹ́ta ni ó máa ń sìn mí dé ẹnu géètì, ọ̀kan nínú wọn sì ti wọ kíláàsì wa rí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó jókòó sí ẹsẹ̀ mi bí ìyàwó olóṣèlú. Nígbà náà, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé mi mì. Ní báyìí, èmi ni mo máa ń sọ ìtàn náà jù. Ẹ jẹ́ kí ojú máa ti Sewanu gidi, ohun tí ó ń pa àwa lẹ́rìn-ín jù nìyẹn.

Èkejì ni pé a kì í fi àmì ohùn sí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá wa nígbà kan láti etí omi pé: "Maami, mo ti ri oko ti yoo gbe mi lo si Gberefu. Ko won, o si lagbara." Ọkọ̀ ni ó ń sọ. Kí ó tó dé ilé lálẹ́, àwọn àbúrò bàbá wa méjì ti wà ní pálọ̀, wọ́n fẹ́ mọ ìdílé tí ó ti wá, àti ìdí tí kò fi wọ́n.

Ọmọ Ọ̀sà

Àbúrò mi, o ṣeun, ìwọ ni o fún mi ní orí kẹfà. Mo fi òru àná kọ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Ìbátan mi dé láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ pupa kan tí ó ní àwòrán ẹja àbùùbùtán, ó sì béèrè ibi tí òkun wà kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mi jọ ti ọkọ sínú omi, nítorí pé bàbá mi ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó dúró lórí iyanrìn, ó ń kí ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún ìbátan mi pé n kò ní lúwẹ̀ẹ́ lónìí, torí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, àwa ọmọ etí omi kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni a máa ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní ó sinmi lé oṣùpá."

Ọmọ SS2 Kan

Ẹ̀gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín ní ibi mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn kejì yín kà. Ẹ kò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ̀yin àti ìyá yín jọ ti ọkọ sínú omi.

Ọmọ Ọ̀sà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. N kò ní tún un ṣe. Sewanu ni ó kọ ọ́.